Orí Mi Lórí Òpó Géètì

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló mú wa lọ sí Ifẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ayé àtijọ́ ló ń kọ́ ní yunifásítì. Àgbowó ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ní Bódìjà ló ti ń jẹun, bó bá sì ti ń jẹun náà ni yóò máa sọ̀rọ̀ orí. Orí idẹ, orí amọ̀, orí ọba, orí ayaba. Mo ní kó mú mi lọ wo àwọn orí yìí lọ́jọ́ kan, kí n lè mọ àwọn àlejò tó ń bá wa jẹ ẹ̀wà láti ọjọ́ yìí. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ àkọ́bí mi, ní òun ni yóò wa mọ́tò. Báyìí ni àwa mẹ́ta ṣe gbéra ní Sátidé kan.

Ifẹ̀ kì í ṣe ìlú àjèjì sí mi. Nígbà tí mo ń ta ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà, mo ní àwọn oníbàárà níbẹ̀ tí mo máa ń gbé ọjà lọ fún. Ṣùgbọ́n mi ò wọ ilé tí wọ́n kó àwọn nǹkan àtijọ́ sí rí. Èmi tí àpò ẹ̀wà kún ẹ̀yìn mọ́tò, ìgbà wo ni mo fẹ́ yà wo ère?

Inú ilé náà tutù. Wọ́n fi gíláàsì bo àwọn orí náà bí ìgbà tí èèyàn bo búrẹ́dì kí eṣinṣin má baà bà lé e. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé kò sí ẹyọ kan tó ń bínú nínú wọn. Ojú wọn jọ̀lọ̀, ẹnu wọn pa dé, wọ́n ń wo iwájú bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ti ń bu oúnjẹ òun bọ̀ láti ilé ìdáná.

"Màmá àgbà, ẹ wo ọrùn wọn," ọmọ ọmọ mi wí. "Ṣé ẹ rí àwọn ìlà tó yí i ká?"

"Mo rí i. Ẹni tó ń jẹun kánú ni."

"Ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹni tó bá wò ó mọ̀ nìyẹn. Pé ara ọba le, pé ìlú tòrò."

Ó ní àwọn orí náà ti wà fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mẹ́fà tàbí méje. Kò sí ẹni tó ń kọ ìwé nílẹ̀ wa nígbà yẹn, nítorí náà àwọn orí yìí ló kù tó ń jẹ́rìí pé ìjọba ńlá kan wà níbẹ̀. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún mi: wọ́n á kọ́kọ́ fi ìda oyin mọ ojú náà, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yá a níná kí ìda yọ́ jáde, kí wọ́n tó da idẹ gbígbóná sí àyè tí ìda fi sílẹ̀.

"Níbo ni wọ́n ti rí bàbà tí wọ́n fi ṣe idẹ náà?" mo bi í.

"Wọn kì í wà á ní Ifẹ̀, Màmá. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Wọ́n ní òmíràn la aṣálẹ̀ kọjá."

"Kí ni wọ́n wá fún àwọn tó gbé e wá?"

"Ìlẹ̀kẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ará Ifẹ̀ ń yọ́ ìlẹ̀kẹ̀ fúnra wọn, èyí tó búlúù."

Mo dúró níwájú gíláàsì náà, mo sì ń rò ó bí mo ṣe máa ń ro ẹ̀wà tó bá ń bọ̀ láti òkè Hausa. Ẹnì kan gbé bàbà sórí ẹran, ẹnì kan ń ṣọ́ ọ̀nà kí àwọn olè má gbà á, ẹnì kan gbà wọ́n sílé nígbà tí ilẹ̀ ṣú. Ẹni tó ń mọ ìda náà, ó ní láti jẹun, kò sì ráyè roko. Mo sọ fún ọmọ ọmọ mi pé ọba tó ni orí yìí, ọ̀nà ló ní, àká ló ní. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí àwọn ń kọ́ nínú kíláàsì gan-an nìyẹn, pé olùkọ́ àwọn kàn máa ń pẹ́ kó tó dé ibẹ̀ ni.

Bàbá rẹ̀ kò bá wa sọ̀rọ̀. Ó ti dúró síwájú orí amọ̀ kan tó dé adé.

"Obìnrin nìyí?" ó béèrè.

"Ayaba ni wọ́n ń pè é, Dádì. Bóyá òun gan-an ló jọba, wọn ò mọ̀."

"Ó jọ Màmá."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Èmi tí imú mi fẹ̀ tó báyìí?" Ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró síbẹ̀ títí tí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ọmọ náà, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Àdúgbò wa ní Bódìjà, àwọn dókítà àti àwọn olùkọ́ yunifásítì ló kọ́lé síbẹ̀. Akọ̀wé kékeré ni ọkọ mi, ó sì kú kí ilé wa tó dé òrùlé. Ẹ̀wà ló parí ilé náà. Nígbà tí àkọ́bí mi wà ní kékeré, àwọn ọmọ àdúgbò máa ń dúró sẹ́nu géètì wọn, wọ́n á máa pè é ní ọmọ ẹlẹ́wà. Kò sọ fún mi nígbà yẹn. Ìgbà tó ti ní ìyàwó ló tó sọ ọ́, bí ẹni ń ṣeré. Mo sì wò ó, mo rí i pé kì í ṣe eré. Ó ti di ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé báyìí, àwọn èèyàn ń pè é ní sà, síbẹ̀ tó bá wọ àdúgbò wa, mo máa ń rí i tí yóò wo àwọn géètì yẹn lọ́tùn-ún lósì. Àwọn kan gbé kìnnìún sórí òpó géètì wọn. Àwọn kan gbé idì. Orí òpó tiwa, àfi ẹyẹ tó bá bà lé e.

Ọkùnrin kan wà létí títì ní Challenge tó ń fi sìmẹ́ǹtì mọ ère. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ń tò wọ́n sí: kìnnìún, idì, áńgẹ́lì, àti orí àwọn bàbá àti ìyá tó ti kú, èyí tí àwọn ọmọ wọn máa ń rà sórí sàréè tàbí sí iwájú ilé. Lẹ́yìn tí a ti Ifẹ̀ dé, ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ni ọmọ mi gbà lọ. Kò sọ nǹkan kan fún mi. Ó kàn wá yà mí ní fọ́tò lọ́jọ́ kan, níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ mú mi lọ sí ìlú òyìnbó lọ tọ́jú ọmọ ọwọ́ ni. Mo tilẹ̀ ti ń ro aṣọ òtútù.

Sunday kan, bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá píkọ́ọ̀pù níwájú ilé, pẹ̀lú ọmọ mi, ìyàwó rẹ̀, àti ọkùnrin Challenge náà. Wọ́n ti gbé nǹkan kan sórí òpó géètì, wọ́n fi aṣọ bò ó. Ọmọ mi ní kí n súnmọ́ ọn. Ó fa aṣọ náà.

Èmi ni. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ idẹ, oòrùn sì ń ta sí i. Ọkùnrin yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Imú mi nìyẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìhunjọ ojú mi ti lọ, bí ìgbà tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ mí. Ó fi ìlà yí mi lọ́rùn ká bíi tàwọn ará Ifẹ̀ yẹn, kò wé gèlè fún mi, ẹnu mi sì pa dé, mò ń wo ọ̀nà Sẹkitéríàtì bí ẹni tó ni ín.

"Màmá, kí gbogbo àdúgbò mọ ẹni tó kọ́ ilé yìí," ọmọ mi wí. Mo dì mọ́ ọn, mo ṣàdúrà fún un. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo tún jáde lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọjọ́ kejì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Mo ń gbá iwájú ilé láàárọ̀, ìró àtijọ́ ni mo ró, mi ò wé nǹkan kan sórí. Kẹ̀kẹ́ kan dúró. Obìnrin kan tó máa ń kí mi lọ́nà ọjà sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, ó wo orí òpó, ó gbá àyà mú.

"Yé! Ìyá ẹlẹ́wà!" Ó yíjú sí mi. "Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn o, mà. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ìyá tó ni ilé yìí tó kú."

"Èmi ni ìyá tó ni ilé yìí."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. Gèlè àti ìgò ojú ló fi mọ̀ mí, kò sì sí ọ̀kankan níbẹ̀; ti orí òpó, ilé wa ló fi mọ ọ́n. "Ẹ sì jọ wọ́n lóòótọ́," ó wí pẹ̀lú àánú. "Àbúrò wọn ni yín, àbí? Ẹ mú ọkàn le, mà. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

Mo ní, "Gbọ́ ná." Ó ti wọ kẹ̀kẹ́ padà. Mo di ìgbálẹ̀ mú, mo sì gbójú sókè wo orí mi. Nígbà náà ni mo tó rí ohun tí gbogbo ayé rí. Nílẹ̀ wa, ta ni wọ́n ń gbé orí rẹ̀ síwájú ilé? Ẹni tó ti lọ ni. Ọmọ mi fi ayọ̀ gbàgbé, èmi náà fi ayọ̀ gbàgbé. Ọkùnrin Challenge kò béèrè, àwọn òkú ló sábà máa ń mọ.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ní ilé òdìkejì ti gbé páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ìyàwó náà pe orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fi ọwọ́ ti ògiri.

"A... a wá kí yín ni, mà," ọkọ rẹ̀ wí.

"Ẹ kú ìnáwó. Ẹ wọlé, ká mu ún, ó tutù."

A mu ún. A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àlùfáà wa rán èèyàn méjì wá béèrè ọjọ́ ìsìnkú, kí wọ́n má baà fi ìgbéyàwó kan sí ọjọ́ kan náà. Kì í ṣe ohun tí mo lè máa rẹ́rìn-ín sí lójoojúmọ́ nìyẹn.

Mo pe ọmọ ọmọ mi lórí fóònù. "Àwọn orí tí a lọ wò yẹn, ṣé wọ́n wà láàyè nígbà tí wọ́n mọ wọ́n, àbí wọ́n ti kú?"

"Màmá àgbà, ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń jà lé lórí nìyẹn. Àwọn kan ní wọ́n ń gbé e jáde níbi ìsìnkú ọba. Àwọn kan ní rárá, ọba tó wà láàyè ni wọ́n fi ń yẹ́ sí. Kí ló dé?"

"Mo ti wà láàárín ìjà náà."

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, ó rẹ́rìn-ín débi pé fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kìlọ̀ fún un kó má sọ fún bàbá rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ ta ẹ̀wà ní ìsọ̀ kan, ni ó dé lẹ́yìn èyí. Ọ̀nà Challenge ló ń gbé. Inú takisí ní Ring Road ló ti gbọ́ pé mo kú. Mo wà ní pálọ̀ mò ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti géètì.

"Ó lọ! Ọ̀rẹ́ mi lọ, kò dágbére fún mi!"

"Mi ò tíì lọ o. Wọlé, wá bá mi ṣa ẹ̀wà."

Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, sálúbàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wò mí. Ó wá fi sálúbàtà náà nà mí léjìká.

"Ìkà ni ẹ́! Mo sunkún láti Ring Road dé Mọ́kọ́lá! Dẹ́rẹ́bà náà bá mi sunkún!"

"Ṣé kò gba owó ni?"

"Ó gbà á pé. Ó tún ní kò sí ṣéńjì." Ó jókòó, ó nu ojú. "Ta ló gbé orí ẹ síta bí òkú ọlọ́lá?"

"Àkọ́bí mi ni."

"Ọmọ yìí fẹ́ràn ẹ jù. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Mi ò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Mo ṣàlàyé fún un. Bí mo bá gbé orí yẹn kúrò, ọmọ mi yóò wá ní Sunday, yóò sì bá òpó géètì bó ṣe wà láti ìgbà tó ti wà ní kékeré. Kò ní sọ nǹkan kan. Yóò jẹun, yóò lọ sílé. Mo mọ bó ṣe máa ń dákẹ́. Bí mo bá sì fi í síbẹ̀, èmi ni yóò máa gba ìkíni ikú ara mi títí ikú náà yóò fi dé. Sunday sì ti súnmọ́lé.

Ọ̀rẹ́ mi ṣa ẹ̀wà díẹ̀. "Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ̀ pé Ìyá ṣì wà."

"Bíi ti àwọn tó ń kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà? Wọ́n á ní ẹbí ń ja ìjà ogún."

"Òótọ́ ni. Lọ́yà á dé kí ilẹ̀ tó mọ́."

Ó jáde lọ tún wò ó. Mo tẹ̀ lé e. Ó káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ń yẹ ọjà wò kó tó ná an.

"Ìwọ kọ́ nìyí," ó wí.

"Báwo?"

"Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ẹ́, mi ò rí ẹ rí kí o dúró lẹ́nu ọ̀nà láìwérí, kí ayé máa wò ẹ́. Òkú ni wọn kì í wé gèlè fún lójoojúmọ́. Bá mi gbé nǹkan kan tí mo lè gùn wá."

Mo gbé báàkẹ́ẹ̀tì wá, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo sọ fún un pé kò lè gùn ún, ó sì gùn ún. Ó tú síkáàfù orí ara rẹ̀, ó wé e fún ère náà, ó ká a bí a ṣe máa ń ká a nísọ̀, kó má baà tú bí a bá ń gbé àpò. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ò ní gbàgbọ́, ọkùnrin kan tó ń kọjá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, mà," orí òpó ló sì kí. Ìgbà tó rí àwa méjì nísàlẹ̀ ló yára lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo wé aláwọ̀ ewé fún un. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àdìrẹ. Kò pẹ́ rárá. Obìnrin oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ gbé e kiri pé òkú wo ló ń pààrọ̀ gèlè? Olùkọ́ àgbà náà na ọwọ́ sí mi láti balíkóní rẹ̀, ó ní àdìrẹ ló yẹ mí jù. Ìyàwó rẹ̀ ní rárá, aláwọ̀ ewé ni. Mo tún pe ọmọ ọmọ mi, ó ní àwọn orí idẹ kan ní ihò wẹ́wẹ́ níwájú orí àti yí ẹnu ká, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé adé tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń so mọ́ ọn. Ó ní òun yóò sọ fún olùkọ́ òun pé ìyá òun àgbà wà níhà àwọn tó ní wọ́n wà láàyè.

Sunday dé. Mo wé gèlè ṣọ́ọ̀ṣì mi tó dára jù fún un, aláwọ̀ wúrà. Ọkọ̀ ọmọ mi dúró níwájú géètì, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Mo rí i láti ojú fèrèsé, ó di ìdarí ọkọ̀ mú, ó ń wo òkè. Mo jáde lọ bá a.

"Màmá, ta ló bo iṣẹ́ yìí?"

"Èmi ni."

"Ṣé kò wù yín ni?" Ojú ọmọ kékeré ló fi bi mí.

"Ó wù mí. Wọ́n ní mo ti kú ni."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀, èmi lórí ìdúró, òun nínú ọkọ̀: obìnrin oníkẹ̀kẹ́, páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ọjọ́ ìsìnkú, sálúbàtà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Mo rò pé ó ń sunkún. Èjìká rẹ̀ ló ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

"Mo gbé ìyá mi síta bí òkú," ó wí. "Mi ò ro ibẹ̀ rárá, Màmá. Ẹ forí jì mí."

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wò ó báyìí. Wọ́n tilẹ̀ ń jiyàn lórí èyí tó yẹ mí."

"Ojoojúmọ́?"

"Láàárọ̀ kùtùkùtù. Kìnnìún àwọn tó kù, ta ló ń wò ó?"

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sí àárín ọ̀nà, ó wo àwọn òpó géètì yẹn lọ́tùn-ún lósì bó ti máa ń ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, tiwa ló padà wò, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà.

"Màmá, báwo lẹ ṣe ń dé òkè yẹn?"

Mo fi báàkẹ́ẹ̀tì hàn án.

"Ẹ̀yin! Lórí báàkẹ́ẹ̀tì! Kí ẹ wá ṣubú, kí wọ́n wá sin yín lóòótọ́?"

Kò jẹun kó tó pe bíríkìlà. Ọkùnrin náà dé ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù àti yanrìn, láti kọ́ àtẹ̀gùn sí ẹ̀gbẹ́ òpó géètì. Ọmọ mi ti sọ fún un lórí fóònù pé kó gbé irin ìdìmú sí i bíi ti ọsibítù. Mo ní kó fi irin náà sílẹ̀. Bíríkìlà ní ọ̀gá ló ń san owó. Mo ní ọ̀gá náà, èmi ni mo bí i, kó sì jẹ́ kí àtẹ̀gùn náà fẹ̀ tó kí ọ̀rẹ́ mi lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, torí ó ní èmi ò mọ gèlè wé fún ẹlòmíràn. Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Ó ní ó máa jẹ búlọ́ọ̀kù.

"Jẹ́ kó jẹ ẹ́," mo wí. Mo lọ bu ẹ̀wà fún un.